Lẹ́tà ṣíṣí sí NAFDAC: ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn wa, ta ló ń bá sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní NAFDAC,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìlú. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe, mo máa ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, mo máa ń ta ṣájà àti gíláàsì skrín, mo sì máa ń bá àwọn bàbá àti màmá wa to fóònù tí àwọn ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ilé ìwòsàn Wesley Guild, torí náà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ dókítà bọ̀ pọ̀ nínú kọ́sítọ́mà mi. Mi ò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn o, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mo fẹ́ kọ́ dókítà níṣẹ́. Bluetooth ni mo mọ̀, àti áàpù, àti bí èèyàn ṣe ń lo fóònù ní ìlú tí iná ò dúró. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà.

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan làwọn ọmọ máa ń rà ránṣẹ́ sílé, èyí tí wọ́n ń dì mọ́ apá. Nǹkan ti kọjá ibẹ̀ báyìí. Aago ọwọ́ wà tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, bẹ́líìtì wà tí wọ́n ń dè mọ́ igbá àyà, òmíì rí pẹlẹbẹ bíi pílásítà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà lápá òsì, á máa ka ọkàn tọ̀sán-tòru, á máa fi ohun tó kà ránṣẹ́ sí fóònù, fóònù náà á wá fi ránṣẹ́ sí ọmọ ní Kánádà tàbí sí dókítà. Ohun tó dáa ni. Èèyàn tí àyà ẹ̀ ń já lóru, tó bá fi máa di àárọ̀ tó délé ìwòsàn ọkàn ẹ̀ á ti padà sípò, dókítà á gbọ́ ọ títí kò ní gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rọ tó wà lára ẹ̀ lóru nìkan ló lè jẹ́rìí sí i. Mi ò bá wọn jà rárá.

Kì í sì í ṣe òní lọ̀rọ̀ aláìní-wáyà yìí bẹ̀rẹ̀. Norman Holter ará Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ẹ̀rọ Holter tí dókítà máa ń so mọ́ èèyàn lára pé kó gbé e lọ sílé kó fi sùn, rédíò ló fi bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Ní 1949 tí òun àti ẹnì kejì ẹ̀ kọ̀wé nípa ẹ̀, ẹrù tí èèyàn á gbé sẹ́yìn kí ìlù ọkàn ẹ̀ tó lè gba afẹ́fẹ́ lọ sí ibòmíì tó kílò 38! Ìgbà yẹn, ta ló ní ohun tó máa fi gbọ́ ọ? Lónìí gbogbo ọmọ JSS ló ní in lápò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá múná lọ. Tí ẹ̀rọ àyà bá ti so mọ́ fóònù ẹni tó ni ín, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dá ẹlòmíì lóhùn mọ́, wọ́n á gbájú mọ́ fóònù yẹn. Àmọ́ tí bátìrì fóònù bá kú pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rọ náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké orúkọ ara ẹ̀ sórí afẹ́fẹ́, pé èmi rèé o, ta ló ń wá mi, bí ọmọ tó sọnù lọ́jà, ẹni tó bá kọ́kọ́ fà á lọ́wọ́ ló máa tẹ̀ lé. Tí iléeṣẹ́ tó ṣe é bá ti kọ́ ọ pé fóònù kan ṣoṣo ni kó mọ̀, wàhálà tán. Tí wọn ò bá kọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ló máa dá lóhùn. Ẹni tó jókòó ṣe ẹ̀rọ yìí ní ìlú tí iná kì í lọ, ó lè má rò ó rárá pé fóònù màmá máa ń kú lójoojúmọ́, pé ó tún lè wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ńjìnnì títí ilẹ̀ á fi ṣú pẹ̀lú fóònù ogójì míì lórí pátákó ṣájà, tí ẹ̀rọ á wà láyà màmá nílé tí á máa ké kiri.

Mo ti fojú ara mi rí i. Bàbá kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ wọn obìnrin ló fi bẹ́líìtì àyà ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n gbé fóònù wá pé kí n bá wọn fi sí ṣájà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn àná. Èmi ń yẹ Bluetooth fóònù ẹlòmíì wò pẹ̀lú áàpù ọ̀fẹ́ kan tí àwa oníṣẹ́ máa ń lò, bí mo ṣe ní kó wá ohun tó wà nítòsí báyìí, orúkọ bẹ́líìtì yọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò béèrè pásíwọ̀ọ̀dù, kò béèrè nọ́ńbà, kò tiẹ̀ béèrè pé ṣó dá mi lójú. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, 84, 86, 85. Mo wo bàbá, mo wo skrín. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi rìn dé ibi ọ̀pá iná yẹn kẹ́ ẹ padà." Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú, àmọ́ wọ́n dìde. 92. 97. Wọ́n padà jókòó, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo bá gbé fóònù fún wọn pé ẹ wo ọkàn yín sà.

Ìbéèrè tí bàbá kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n lè fi gbówó mi ní báńkì?"

Mo ní rárá sà.

Wọ́n ní, "Kò burú nígbà yẹn," wọ́n sì padà sídìí ìwé ìròyìn wọn.

Mi ò lè bá bàbá wí, èèyàn tó ń fojú sọ́nà fún owó ìfẹ̀yìntì, ibi tí ọkàn ẹ̀ á wà nìyẹn. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bẹ́líìtì yẹn, àwọn eléré ìdárayá ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i sílẹ̀ kó lè bá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní Iléṣà kì í ṣe eléré ìdárayá ló ń dè é. Ẹni tí dókítà ti sọ̀rọ̀ ọkàn ẹ̀ fún ni.

Àwọn kan máa ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ìlù ọkàn arúgbó ṣe. Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́, ìlú ìṣọ́ òru là ń gbé. Tí ẹnì kan bá fi fóònù sí àpò, tó wá jókòó ti màmá nílé àdúrà, tó ní Ẹ̀mí ń fi yé mi pé ọkàn yín ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, nọ́ńbà tí mò ń rí ni 110, ẹ lọ mú owó ìdáǹdè wá. Màmá á wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n á rí 110 lóòótọ́. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa tún bá màmá yẹn sọ̀rọ̀ tí wọ́n á gbọ́? Kò sí dókítà, kò sí ọmọ. Mi ò sọ pé mo mọ wòlíì tó ti ṣe é o, mò ń sọ pé ohun tó gbà kò ju áàpù ọ̀fẹ́ kan lọ. Ká tó wá sọ ti ìdílé àfẹ́sọ́nà tó fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn wà lára ọmọ tí wọ́n fẹ́ fẹ́, tàbí ọ̀gá tó ń wá ẹni tó máa lé lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ áàpù owó yíyá ló tún bà mí lẹ́rù jù. Gbogbo yín lẹ mọ̀ wọ́n, àwọn tó máa ń kó nọ́ńbà gbogbo ẹbí tó wà nínú fóònù èèyàn, tó bá ti pẹ́ díẹ̀ kó tó san án padà wọ́n á máa fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí àna ẹ̀ pé olè ni. Ní 2019 àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì Royal Holloway ní London fi hàn pé lórí Android, tí fóònù àti ẹ̀rọ bá ti mọ ara wọn tán, tí wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ Bluetooth de ara wọn, áàpù míì tó wà lórí fóònù kan náà tó bá ti gba àṣẹ Bluetooth lè gba ọ̀nà yẹn bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, àfi tí ẹni tó ṣe áàpù ẹ̀rọ náà bá fi ààbò tiẹ̀ kún un. Ẹ rò ó wò. Màmá gba áàpù owó yíyá torí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n tẹ "gbà" lórí gbogbo ohun tó béèrè bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, áàpù tó ń ka ọkàn wọn sì wà nínú fóònù kan náà. Pásíwọ̀ọ̀dù tó dáa jù láyé ò ní gba màmá lọ́wọ́ ìyẹn, iṣẹ́ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni.

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ, kíkà lásán ni. Èyí tó lè ṣe nǹkan sí ọkàn tún wà. Ẹ̀wù kan wà tí wọ́n ń wọ̀ mọ́ra nílẹ̀ òkèèrè, LifeVest lorúkọ ẹ̀, tí ọkàn bá ṣe ségesège tó lè pa èèyàn á fi iná gbá a kó padà sípò, ó ní bọ́tìnì tí ẹni tó wọ̀ ọ́ á tẹ̀ tí iyè ẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀ kó má baà gbá a. Àwọn tí wọ́n ń rì sí abẹ́ awọ náà wà. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Kevin Fu àti Tadayoshi Kohno wà lára wọn, dókítà ọkàn náà wà pẹ̀lú wọn, fi rédíò tí wọ́n tò fúnra wọn bá irú ẹ̀rọ abẹ́ awọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní yàrá ìwádìí. Wọ́n ka orúkọ aláìsàn nínú ẹ̀, wọ́n ka àìsàn tó ń ṣe é, wọ́n sì lè ní kó gbá iná. Òótọ́ ni pé wọ́n ní láti sún mọ́ ọn dáadáa, kò sì sí lára èèyàn nígbà yẹn. Dick Cheney tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn ò dúró gbọ́ àlàyé, láti 2007 ni dókítà ẹ̀ ti ní kí wọ́n pa ọ̀nà aláìní-wáyà inú tiẹ̀, ó sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2013. Igbákejì ààrẹ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ yí ká o! Ìyá oníṣu ní ọjà Atakúmọ̀sà ńkọ́?

Lẹ́yìn náà, ní 2017, FDA, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní Amẹ́ríkà, kéde pé ẹ̀rọ amọ́kànlù bí 465,000 lórílẹ̀-èdè wọn nílò ọ́pùdéètì torí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ lè wọlé sínú wọn. Ọ́pùdéètì ọ̀hún ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, àmọ́ aláìsàn ní láti gbé ara ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò ṣeé ṣe látilé. Ní 2019 wọ́n tún kéde òmíì, ọ̀nà rédíò tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ míì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò ní ìdánimọ̀ kankan, ọ̀rọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá sì wà ní gbangba. Nígbà méjèèjì wọ́n sọ pé àwọn ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan fara pa nípasẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì sọ fáwọn aláìsàn pé kí wọ́n má ṣe yọ ẹ̀rọ wọn. Èmi náà ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí tó sì ní ẹ̀rọ lára: ẹ má yọ ọ́ o, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀. Àìsàn ọkàn ló ń pa èèyàn.

Ibi tó wá le nìyí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Tí ẹ bá ní kí wọ́n ti ẹ̀rọ yìí pa gbọn-ingbọn-in, ẹ máa pa èèyàn. Tí ẹnì kan bá dákú ní gáréèjì, tí wọ́n gbé e dìgbàdìgbà wá sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tí kò rí i rí, tí fóònù ẹ̀ ti kú, tí ẹni tó mọ pásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀ wà ní Toronto níbi tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, nọ́ọ̀sì yẹn gbọ́dọ̀ lè wọlé kó wo ohun tí ọkàn ẹ̀ ti ń ṣe láti àárọ̀. Torí náà pásíwọ̀ọ̀dù nìkan ò tó. Àwọn kan ní yunifásítì Rice ronú sí i ní 2013, mo sì fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ dókítà kan ara aláìsàn, kóun náà ka ìlù ọkàn ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kí ẹ̀rọ tó wà lára aláìsàn náà ka tiẹ̀, kí àwọn méjèèjì fi ohun tí wọ́n kà wéra. Àlàfo àárín ìlù kan sí ìkejì kì í dọ́gba, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ ṣáá, ẹni tí kò fọwọ́ kàn ọ́ ò lè mọ bó ṣe rí lásìkò yẹn. Tó bá dọ́gba, ó ṣí. Ẹni tó wà ní òdì kejì títì ò lè rí i gbà, nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ ẹ mú rí i gbà. Wọn ò tíì bọ́ nínú wàhálà tán o, àwọn míì ti fi hàn pé kámẹ́rà tó dáa lè wo ojú èèyàn kó ka ìlù ọkàn ẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, torí náà ó ṣì ku iṣẹ́. Àmọ́ ọ̀nà tó yẹ kí ọgbọ́n gbà nìyẹn: kí ẹ̀rọ gba ẹni tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn gbọ́ ju ẹni tó wà lókèèrè lọ.

Ẹ̀yin NAFDAC, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa láti máa yẹ nǹkan wò. Láti ayé Dora Akúnyìlì ni ọmọdé ti ń wá nọ́ńbà yín lára ọ̀rá piọ́ wọ́tà. Láti 2010 lẹ ti ní ká máa ha ẹ̀yìn páálí oògùn ibà, ká fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù ká lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ìyá mi ò kàwé púpọ̀, ó ń ha á. Ẹ̀rọ ìṣègùn sì wà lábẹ́ àṣẹ yín bí oògùn ṣe wà níbẹ̀. Tẹ́nì kan bá wá gbé ẹ̀rọ àyà aláìní-wáyà wá fún ìforúkọsílẹ̀, ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè kan kẹ́ ẹ tó bi í ní òmíì: báwo ló ṣe ń mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀? Tó bá ní Bluetooth ní ààbò, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀, torí Bluetooth ní oríṣi ìsopọ̀ kan tí kì í béèrè ohunkóhun, "Just Works" ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣe é fún ohun èlò tí kò ní skrín tàbí bọ́tìnì, kò sì lè mọ̀ bóyá ẹni tó wà láàárín ń gbọ́. Ẹ̀rọ orin ló yẹ fún, kì í ṣe ọkàn èèyàn. Nọ́ńbà ìsopọ̀ tó dá yàtọ̀ lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ò wọ́n, kó má ṣáà jẹ́ 0000.

Ẹ bi í pé tí bátìrì fóònù bá kú ńkọ́. Ẹ bi í pé ọdún mélòó ló máa fi ṣe ọ́pùdéètì, àti pé tó bá di dandan kí aláìsàn lọ bá ẹnì kan, ṣé ẹni yẹn wà ní Ọ̀ṣun, àbí Èkó nìkan, àbí kò tiẹ̀ sí ní Nàìjíríà rárá. Amẹ́ríkà ti ń béèrè irú ẹ̀: láti 2023 òfin wọn ti sọ pé ẹ̀rọ ìṣègùn tó bá lè so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kó ètò ààbò ẹ̀ wá, bó ṣe máa máa tún ara ẹ̀ ṣe, àti àkọsílẹ̀ gbogbo sọ́fítíwíà tó wà nínú ẹ̀. A ò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ kàn ní kí wọ́n mú ìwé tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ wá fún wa. Kẹ́ ẹ sì pe àwọn NDPC, àjọ tó ń rí sí ààbò dátà ní Nàìjíríà, wọlé, torí òfin ààbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 ti ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun tí ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé tẹ̀.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀ ò ní gba ọ́fíìsì yín kọjá. Inú àpótí ẹrù ẹni tó ń bọ̀ wálé ọdún ló ń bá wọlé, tàbí ẹnì kan rà á ní tókunbọ̀ tí orúkọ òyìnbó tó kọ́kọ́ lò ó ṣì wà nínú ẹ̀. Fún ìyẹn, rédíò ni. Ẹ ṣe é ní Yorùbá, kó má gùn, kó sọ fún màmá pé kí wọ́n ní kí ọmọ tó fẹ́ rà á béèrè bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ kó tó sanwó, kí wọ́n má sì fi áàpù owó yíyá sórí fóònù tó ń ka ọkàn wọn, tí fóònù méjì bá wà nílé kí wọ́n ya ọ̀kan sọ́tọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ẹ sì mọ bí àwa Òṣómàáló ṣe ń ṣe tí a bá ní nǹkan gbà, torí náà mo ń retí èsì. Tí lẹ́tà bá le fún yín láti kọ, ẹ rán ẹnì kan wá sí Iléṣà. Kó mú ẹ̀rọ àyà èyíkéyìí tó wù ú tó ti ní nọ́ńbà yín dání, pẹ̀lú fóònù tó ni ín. A máa pa fóònù náà, a máa gbé ẹ̀rọ sórí káńtà, a máa wo iye àjèjì tó máa dá lóhùn. Mo máa ń ṣí títí agogo méje alẹ́, ọjọ́ Sunday nìkan ni mi ò sí.

Èmi ni tiyín,
Onífóònù kan ní Iléṣà